Ilà Tó Ń Sùn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jánúárì 8, 1963

Ọyẹ́ ti mú gidi. Ètè gbogbo ará ilé ti bẹ́, eruku ti bo ewé máńgòrò iwájú ilé títí a ò fi mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Fàsìlín kékeré di ṣílè kan àti sísì ní Dùgbẹ̀. Sàídátù, tí a jọ ń gbé ilé, tó ń ta aṣọ níbẹ̀, ní kí n tètè ra méjì.

Òní ni wọ́n da pílásítà sí mi lójú ní ọsibítù. Ọ̀gbẹ́ni Àkànó tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni dókítà ní kó ṣe ojú fún mi. Ó fi fàsìlín pa mí lójú, ó ki rọ́bà tín-ín-rín méjì bọ̀ mí nímú kí n lè máa mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ mi bí ẹni ń rẹ́ ilé. "Ẹ má rẹ́rìn-ín o, Tíṣà." Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín? Nígbà tó yá, ó fi ohun tó yọ lójú mi mọ ère, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Apá ọ̀tún pé. Apá òsì jìn bí ibi tí wọ́n ti bu ẹ̀kọ jẹ.

Mo fara balẹ̀ wò ó, torí pé láti oṣù Keje tí mọ́tò ti gbé wa ṣubú ní Omi-Àdìó, èmi àti dígí kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ mọ́. Ojú òsì lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lọ, ẹ̀mí kò lọ. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló ń sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, mo ti há a sórí.

Ọkọ mi, Bàbá Jẹ́jẹ́, ní bí ojú náà bá ti parí, a ó lọ mú Jẹ́jẹ́lọlá ọmọ wa wálé láti Àpáta. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ló wà láti oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ tí mo ti ọsibítù dé tó rí mi, ó ké, ó sá wọ abẹ́ tábìlì, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ojú pamọ́ fún ẹni tí ojú rẹ̀ bàjẹ́. Mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá lára ojú tuntun yìí: kí ọmọ mi padà wálé.

Ọjọ́bọ̀, Jánúárì 10

Pílásítà ti fa irun ìpéǹpéjú ọ̀tún mi tu. Ojú kan tó kù, wọ́n tún fẹ́ bà á jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, Jánúárì 17

Àkànó ti fi ìda gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó gbé e bọ̀ mí lójú, ó sún sẹ́yìn, ó wò mí, ó tún fi ọ̀bẹ kékeré ha imú díẹ̀. Ló bá ní, "Tíṣà, ilà ńkọ́? Pélé wà lọ́tùn-ún yín. Ṣé kí n kọ ọ́ sí òsì, àbí kí n jẹ́ kó dán?"

Ọmọ Èkó ni, kò kọlà. Kò mọ ohun tó ń bi mí.

Pélé mẹ́ta ló wà lọ́tùn-ún mi, wọ́n dúró ṣánṣán. Mẹ́ta ló wà lósì náà kí n tó pàdánù rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi sọ pé nígbà tí olóólà dé orí ìkẹta, mo gbórí, abẹ sì yẹ̀. Èyí ìkẹta ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, àwọn ọmọge Èkó ń pè mí ní Méjì-Àbọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi páúdà bò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ràn rẹ̀ láyé. Bí Jẹ́jẹ́ bá fẹ́ sùn, apá òsì mi ló ń dùbúlẹ̀ sí, ó sì ń fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Èyí dúró. Èyí dúró. Èyí ń sùn." Ibẹ̀ lòun náà ń sùn sí.

Mo rò ó wò. Ta ló ń kọlà mọ́ láyé ìsinsìnyí? A ò kọ ọ́ fún Jẹ́jẹ́ pàápàá. Ta ló sì ń ra aṣọ tuntun tó ń ní kí wọ́n bá òun ya á díẹ̀?

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó dán."

Ọjọ́ Ẹtì, Jánúárì 18

Mo sọ fún Bàbá Jẹ́jẹ́. Ó ní ó dára, ó gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sókè. Láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn náà ló ti sọ pé, "Apá òsì rẹ lèmi máa ń jókòó sí." Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn sọ. Ó ní kò fẹ́ fi í sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jánúárì 29

Ó dé! Ara awò ojú dúdú ni wọ́n dè é mọ́. Bí mo bá ti gbé awò náà wọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá a wá, apá imú bá a wá, ojú onígíláàsì tí kì í ṣẹ́ bá a wá, mo sì ń fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ etí rẹ̀ mọ́ra. Ó ń rùn bíi bàtà tuntun. Mo sọ ọ́ ní Àlejò, torí pé ó ń dé láàárọ̀, ó ń lọ lálẹ́, èèyàn ò sì gbọdọ̀ rojú sí i.

Mo wọ táásì padà sí Ring Road. Láti Mọ́kọ́lá títí délé ni awakọ̀ náà ń ráhùn nípa ìyàwó rẹ̀ fún mi. Kò bojú wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn débi pé mo gbè sí ìyàwó náà.

Ọjọ́ Àìkú, Fébúárì 3

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá. Ìyá Olúkẹ́mi inú ẹgbẹ́ akọrin wá jókòó ti apá òsì mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àbúrò Tíṣà Àpínkẹ́ ni yín?" Mo yíjú sí i pátápátá. Ẹ̀rù bà á, ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó ní apá òsì mi fi ọdún mẹ́wàá kéré sí apá ọ̀tún. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé. Méjì-Àbọ̀ ti kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fébúárì 9

A lọ sí Àpáta. Mo wọ búbà aláwọ̀ ewé tí Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn, mo ra bisikíìtì. Bàbá Jẹ́jẹ́ rọra ń wa mọ́tò bí ẹni gbé ẹyin.

Jẹ́jẹ́ ń fi ìkarahun ìgbín bu iyanrìn lẹ́bàá ògiri nígbà tí a wọlé. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ láti ilé pé apá òsì ni kó kọ́kọ́ rí, èyí tó dán. Ó gbójú sókè. Kò ké. Mo ní, Olúwa ṣeun. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sún mọ́ mi, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀ mà," ló wí. "Ìyá àgbà wà nínú ilé."

Ọmọ tí mo bí kúnlẹ̀ kí mi bí ó ṣe ń kí àlejò. Ká ní ó ké ni, ìbá sàn fún mi.

Mo ní, "Jẹ́jẹ́, èmi ni. Màámi ni." Ó mọ ohùn náà, mo rí i pé ó mọ̀ ọ́n. Ó yí mi po lọ sí ọ̀tún, ó wo ilà ibẹ̀, ó tún yí padà sí òsì, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró ti ìyá ọkọ mi tó ti jáde sí wa, ó sọ fún wọn pé, "Ohùn Màámi ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ni."

Ìyá ọkọ mi kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Ìyàwó mi, wọ́n ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n pa ilà rẹ rẹ́? Ọ̀tún rẹ ní ilé tó ti wá, òsì rẹ kò ní." Wọ́n bá kọjú sí ọmọ wọn. "Gbádérọ̀, ọmọ yìí ti tó í lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ lọ tipátipá. Bí Àjíǹde bá kọjá tí kò tíì fẹ́ bá yín lọ, n ó fi í sí ti ìjọ wa níbí, yóò sì máa gbé ọ̀dọ̀ mi." Kò sí ìkà nínú ohùn wọn rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Fébúárì 12

Mo padà sọ́dọ̀ Àkànó. Mo ní kó kọ ilà sí i.

Ó ní, "Ẹ ti ní kó dán."

Mo ní, "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́."

Ó gbé Àlejò síwájú, ó gba orí ara rẹ̀ mú. Ó ní òun ò kọlà fún èèyàn rí, kí n má fi òun ṣe olóólà. Ó fi òwú wọn pélé ọ̀tún mi, gígùn rẹ̀ àti àlàfo àárín wọn, ó ní òun yóò fi wéra. Mi ò sọ fún un pé ti òsì yàtọ̀. Mo ti fẹ́ gba ilà, kò sí ohun tó ní kí n gba èyí tó ṣubú mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé, Fébúárì 25

Ìtúnu Ààwẹ̀. Sàídátù gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sórí abọ́, ooru oúnjẹ mú gọ́ọ̀mù, Àlejò sì ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sàídátù ní, "Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, ebi ń pa á." A rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú mi kan yìí.

Ọjọ́bọ̀, Fébúárì 28

Àkànó ti parí ilà. Ó dára ju ti olóólà lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Máàṣì 2

Àpáta. Lọ́tẹ̀ yìí Jẹ́jẹ́ kò kúnlẹ̀. Ó rí ilà lókèèrè, ó rìn wá, ó gun ẹsẹ̀ mi. Ó na ìka. "Èyí dúró. Èyí dúró." Ó dé orí ìkẹta, ìka náà dúró.

"Ó ti jí," ló wí.

Mo ní kí ló dé?

"Èyí tó ń sùn. Ó ti jí." Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó padà sí ìdí iyanrìn rẹ̀. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn ti rí i pé kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Máàṣì 5

Mo tú àpótí fọ́tò láti mọ bí ìkẹta ṣe wọ́ gan-an. Fọ́tò ìgbéyàwó, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti ìsọmọlórúkọ. Nínú gbogbo wọn, ọ̀tún ni mo kọ sí ayàwòrán. Mi ò rí ẹyọ kan tí òsì hàn nínú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi pa á mọ́ débi pé kò sí níbì kankan mọ́.

Mo bi Bàbá Jẹ́jẹ́ pé ibo ló wọ́ sí. Ó ní apá etí. Mo ní rárá, apá ẹnu ni.

"Èmi ni mo ń jókòó sí ibẹ̀!"

"Èmi ni mo ń wọ̀ ọ́!"

"Dígí lò ń wò! Dígí ń yí nǹkan padà!"

"Dígí ò lè sọ etí di ẹnu, ẹ̀yin náà ẹ wò ó!"

Sàídátù pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí la ń jà lé. Mo ní ilà ni. Ó ní, "Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì yìí." Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí.

Ọjọ́rú, Máàṣì 13

Òjò ńlá àkọ́kọ́. Páànù ẹ̀yìnkùlé ṣí.

Ọyẹ́ ti lọ, ara gbogbo ènìyàn ti padà dúdú, ó ń dán. Àlejò nìkan ló kù nínú ọyẹ́. Ìgbà tí gbogbo wa funfun bí ẹni tó bọ́ sínú èlùbọ́ ni Àkànó kùn ún, kò sì sí ẹni tó rántí pé òjò ń bọ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi, ó ní òun yóò tún un kùn. Mo wá jẹ́wọ́ nípa ìkẹta. Ó mú pẹ́ńsù, ó ní kí n ya bó ṣe rí. Mo mú pẹ́ńsù náà dání títí, mo dá a padà fún un. Ó ní òun ti dí ojú ilà ìkẹta pa, òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí n ó fi mọ ohun tí mo ń wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Máàṣì 23

Àpáta. Jẹ́jẹ́ fi bisikíìtì mi fún adìẹ. Ìyá ọkọ mi ti ra báàgì iléèwé fún un, wọ́n gbé e kọ́ sára ìṣó, mo rí i.

Ọjọ́ Ajé, Épúrù 1

Mo ń di irun fún Ràfátù, ọmọ Sàídátù. Ìta ni mo kọjú sí, mò ń wo àwọn tó ń bọ̀ láti Challenge, ọwọ́ mi sì ń pín irun, kò ṣì í. Mo dúró. Ràfátù ní, "Ẹ ti parí ni?" Mo ní rárá o.

Ọwọ́ mi mọ irun láìwò ó. Ìka ta wá ni ó tọ ilà yẹn lójoojúmọ́ fún ọdún méjì gbáko? Mo ti bi dígí, mo ti bi ọkọ mi, mo ti bi fọ́tò. Mi ò tíì bi ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Épúrù 6

N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí a dé Àpáta, ìyá ọkọ mi sì wà ní ilé ìdáná. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí ẹní. Mo jókòó tì í, mo yọ tìróò mi àti igi rẹ̀ nínú báàgì.

Mo ní, "Jẹ́jẹ́, iṣẹ́ kan wà tí ẹlòmíì ò lè bá mi ṣe. Ẹni tó ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò mọ bí èyí tó ń sùn ṣe sùn. Bàbá rẹ ní apá etí ló kọrí sí. Mo ní apá ẹnu ni."

Ó wo èmi, ó wo bàbá rẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀ ọ́n?"

Mo ní a ò mọ̀ ọ́n.

Àánú wa ṣe é. Ó gba igi tìróò, ó na ọwọ́ sí ojú mi. Mò ń gbọ̀n, mi ò lè ṣe é kí n má gbọ̀n. Igi náà yẹ̀, ó kun ojú onígíláàsì. Ó pòṣé, irú òṣé tí mo máa ń pa bí mo bá ń máàkì ìwé.

"Ẹ ń mì. Ẹ bọ́ ọ fún mi kí n gbé e sórí itan."

Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ya ẹnu lẹ́nu ọ̀nà láti sọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ dá a dúró. Ẹ̀rù bà mí ju ti Omi-Àdìó lọ, torí pé ní Omi-Àdìó kò sí ẹni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ké lónìí, báàgì yẹn yóò kúrò lára ìṣó, a ó sì máa wá kí ọmọ wa ní Sátidé Sátidé.

Mo bọ́ ọ. Mo gbé e fún un.

Ó wò mí. Ó wo ibi tí ojú wà rí, ó wo ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà rí, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí abẹ́ rẹ̀. Òjò ń dún lórí páànù.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Ó ti jinná."

"Ó jìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó jìn."

Ó mi orí, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ó gbé Àlejò sórí itan, ó yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fà á wálẹ̀ díẹ̀, ó wá tẹ̀ ẹ́ ní ìsàlẹ̀ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, sí apá etí. Mo rí i, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òun gan-an ni. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

"Ó ti sùn padà," ló wí. "Ẹ wọ̀ ọ́, Màámi."

Mi ò ní kó bá wa lọ. A dágbére fún ìyá ọkọ mi, a ń lọ sí ìdí mọ́tò, a gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa. Ó ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì iléèwé kọ́ ọrùn. Ìyá ọkọ mi bi í pé ibo ló ń lọ. Ó ní, "Ta ni yóò máa fà á fún wọn láàárọ̀?" Ìyá ọkọ mi dúró nínú òjò, wọ́n fi etí aṣọ bojú.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ló jàre, etí ni. Ó kàn ń súfèé láti Àpáta títí délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Épúrù 9

Àkànó ti tún Àlejò kùn, ó ti dúdú bíi tèmi. Jẹ́jẹ́ bá mi lọ. Ó fa ìkẹta fún Àkànó kó rí i, Àkànó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀ láti gbẹ́ ẹ kí ó má bàa máa pa rẹ́. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. "Èmi ni mò ń fà á."

Àkànó wò mí. Mo ní kó jẹ́ kí ibẹ̀ dán fún ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ Àìkú, Épúrù 14. Àjíǹde

Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Ìyá Olúkẹ́mi fẹnu sí mi létí pé ilà mi kan ti wọ́, kí n sọ fún àwọn ọsibítù kí wọ́n tún un ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ooru mú. Mo bọ́ Àlejò, mo gbé e sórí tábìlì, mo dùbúlẹ̀. Jẹ́jẹ́ gorí bẹ́ẹ̀dì, ó dùbúlẹ̀ sí òsì mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Oorun ti ń kùn ún, ó ti di ojú. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè wá. Mo fẹ́ sọ fún un pé orí tábìlì ni ilà wà, pé kò sí nǹkan kan níbí. Mi ò lè sọ ọ́. Ìka náà kan ibi tó jìn, kò sá. Ó rọra ń tọ ojú àpá náà lọ, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, títí ó fi dé ibi tí ojú àpá tí dókítà rán ti tẹ̀ lọ sí apá etí.

"Èyí ń sùn," ló wí, òun náà sì sùn.